Kọ̀ǹpútà 143, àwa 2 péré la wà nídìí ẹ̀: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Windows 11 yìí

Túnẹ̀rọṢe:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára. Èmi àti àbúrò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ la jọ ń bójú tó kọ̀ǹpútà 143 níbi iṣẹ́ wa, oríṣi ẹ̀rọ 6 ló wà níbẹ̀, desktop wà, láptọ́ọ̀pù wà, Windows 10 ló sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Microsoft ti jáwọ́ nínú ẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n wá ní ká kó gbogbo ẹ̀ bọ́ sórí Windows 11.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é látẹ̀yìn wá ni pé màá mú ẹ̀rọ kan, màá tò ó dáadáa, Office, sọ́fíwíà ìṣirò owó, pírítà, gbogbo ẹ̀ á wà níbẹ̀, màá wá fi Clonezilla, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà odindi dísìkì, da ẹ̀dà ẹ̀ sórí àwọn tó kù. Ó máa ń yá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo da 30 bẹ́ẹ̀, Windows 11 24H2, ìgbà tí mo parí ẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lórí WSUS wa, sáfà tó ń pín update Windows fún àwọn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ 1 péré ni mò ń rí dípò 30, láàárọ̀ á jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ tibí, tó bá di ọ̀sán á ti yí padà sí orúkọ tọ̀hún. KMS tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ kó lè máa fọwọ́ sí láìsẹ́ǹsì Windows náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní iye ẹ̀rọ tó ti wá bá òun ò tíì tó. Kò tíì tán o, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àwọn kan nínú 30 yẹn ò lè ṣí fódà ara wọn mọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èèyàn á tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó tọ́, ẹ̀rọ á ní kò tọ́. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

ÀǹtíSáfà:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Ìbéèrè kan péré: kó o tó mú ẹ̀dà ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn, ṣé o ṣe Sysprep fún un, ètò Windows tó ń pa àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ rẹ́ kéèyàn tó mú ẹ̀dà ẹ̀?

Túnẹ̀rọṢe:
Rárá mà. Mo kàn pa á ni, mo ki fláàṣì Clonezilla bọ̀ ọ́, mo mú ẹ̀dà ẹ̀. Mo yí orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan padà lẹ́yìn náà ṣá.

ÀǹtíSáfà:
Ibẹ̀ gan-an ló ti wá. Orúkọ tó o yí yẹn, ara òde lásán ni. Windows kọ̀ọ̀kan ní àwọn àmì ìdánimọ̀ nínú tó fi ń sọ fún sáfà pé èmi rèé. Èyí tí WSUS ń wò ń jẹ́ SusClientId, inú registry, ibi tí Windows ń kó ètò ẹ̀ sí, ló wà. Èyí tí KMS ń wò ń jẹ́ CMID. Tó o bá da ẹ̀dà láì pa àwọn àmì yìí rẹ́, ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lójú sáfà. KMS kì í fún kọ̀ǹpútà kankan ní activation títí ẹ̀rọ 25 tó yàtọ̀ síra á fi wá bá a, tìẹ ń ka 1, o lè da 200 jọ, á ṣì máa ka 1. Tẹ slmgr /dlv lórí sáfà KMS yẹn, wàá fojú ara ẹ rí iye tó kà.

Ohun tó yẹ kó o ṣe ni sysprep /generalize /oobe /shutdown. Ẹ̀rọ á pa àwọn àmì yẹn rẹ́, á wá kú fúnra ẹ̀. Láti ìgbà yẹn má jẹ́ kó tan wọ Windows mọ́ títí wàá fi mú ẹ̀dà ẹ̀ tán, torí tó bá ti tan lẹ́ẹ̀kan péré ó ti gba àmì tuntun, o ti padà síbi tó o ti kúrò. Fláàṣì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kó o fi tan án.

Ní ti 30 tó wà nílẹ̀, o lè dá Windows Update dúró lórí wọn, kó o pa SusClientId àti SusClientIdValidation rẹ́ nínú HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\WindowsUpdate, kó o tún un tan. Ti KMS, slmgr /rearm, kó o sì restart ẹ̀rọ. Script kan ló máa ṣe gbogbo ẹ̀.

Olùṣọ́Nẹ́tì:
Àǹtí wa, ẹ dákun, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo fara mọ́ àfi ìparí yẹn. Ẹ má jẹ́ kó fi àtúnṣe yẹn gbé 30 yẹn sílẹ̀. Ẹ wo ìkẹta nínú ohun tó kà, ti fódà àti pásíwọ́ọ̀dù. SID nìyẹn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Windows fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń jiyàn lórí pé bóyá SID tó jọra ń dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ló ní kò ṣe nǹkan kan, lóòótọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan nígbà yẹn. Àmọ́ láti orí àwọn update tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Windows 11 24H2, 25H2 àti Windows Server 2025 ti ń yẹ SID wò. Bí ẹ̀rọ 2 bá ní SID kan náà, Kerberos àti NTLM, ọ̀nà tí Windows fi ń mọ ẹni tó ń wọlé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ò ní gbà kí wọ́n wọlé sọ́dọ̀ ara wọn. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ lọ sí System, ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ nọ́ńbà 6167 láti LsaSrv, mo gbà pé ẹ ó rí i.

slmgr /rearm ò kan SID rárá. Ọ̀nà tí Microsoft fọwọ́ sí ò ju pé kẹ́ ẹ tún ẹ̀rọ yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú image, ìyẹn ẹ̀dà Windows tẹ́ ẹ ń dà, tó gba Sysprep kọjá. Mo mọ̀ pé ó dun èèyàn láti gbọ́, 30 kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, oṣù dé oṣù ni yóò máa yọ yín lẹ́nu.

ÀǹtíSáfà:
O ṣeun Olùṣọ́Nẹ́tì, òótọ́ lo sọ, mi ò ka ti fódà yẹn mọ́ KMS. Àbúrò, ohun tó sọ ni kó o ṣe. Script tèmi yẹn, fi pa iná fún ọ̀sẹ̀ yìí nìkan kí àwọn èèyàn lè máa ráyè ṣiṣẹ́, kó o wá tún 30 yẹn ṣe.

Túnẹ̀rọṢe:
Mo rí 6167, ó kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ ṣé gan-an ni. Mo wá gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn padà, mo ní kí n ṣe Sysprep fún un, ó kọ̀. Ó ní òun ò lè fìdí Windows mi múlẹ̀, pé kí n wo log. Mo ṣí setupact.log nínú C:\Windows\System32\Sysprep\Panther, ó dárúkọ ápùpù kan, ó ní wọ́n fi í sí i fún ẹni kan ṣùgbọ́n wọn ò tò ó fún gbogbo èèyàn.

Wáyà_gígùn:
Èyí ti bá gbogbo wa rí. Ohun tó fà á ni pé ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì kan, íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀rọ, Microsoft Store wá ń ṣe update àwọn ápùpù lábẹ́lẹ̀ fún àkáǹtì yẹn nìkan. Sysprep máa ń kọ irú ẹ̀. Ẹ lè fi Remove-AppxPackage yọ ọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan, òmíì á tún yọjú, mo ti lo ọ̀sán gbáko kan lórí ẹ̀ rí, mo ń yọ, mo ń tún un ṣe, méje ni mo yọ kó tó gbà.

Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn jù sílẹ̀. Ẹ kọ́ image yín nínú ẹ̀rọ afarawé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò kan ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà míì, Hyper-V tàbí VirtualBox, èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Ẹ yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lára ẹ̀ pátápátá. Ẹ fi Windows sí i, tó bá dé ibi tó ti ń béèrè orílẹ̀-èdè, ẹ má dá a lóhùn, ẹ tẹ Ctrl+Shift+F3. Ó máa tún ara ẹ̀ tan, á gbé yín wọ audit mode, ẹ ò ní dá àkáǹtì kankan sílẹ̀, fèrèsé Sysprep kékeré kan á ti wà lójú ẹ̀ tó ń dúró dè yín. Ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá tẹ Sysprep, ẹ mú snapshot. Snapshot yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ, torí lóṣù mẹ́ta òní tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi update tuntun sínú image, ibẹ̀ lẹ máa padà sí, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àǹfààní míì ni pé ẹ̀rọ afarawé ò ní dráífà ẹ̀rọ kankan nínú, oríṣi 6 tẹ́ ẹ ní yẹn, image kan náà ló máa lọ sórí gbogbo wọn.

Túnẹ̀rọṢe:
Ẹ̀gbọ́n, tí kò bá wá sí dráífà nínú, ta ló máa fi sí i? Sọ́fíwíà ìṣirò owó wa ńkọ́, ṣé inú ẹ̀ náà ló máa wà?

ÀǹtíSáfà:
Ẹ jẹ́ kí n dá èyí lóhùn, torí ó wà lọ́kàn mi dáadáa. Má fi nǹkan kan sínú image ju Windows fúnra ẹ̀ àti update ẹ̀ lọ. Bóyá Office, tó bá jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń lò ó. Ó tán. Mo mọ̀ pé ohun tó o ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, kó gbogbo ẹ̀ jọ kó tó lọ, ó dà bí ẹni pé ó ń yá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló ń yá. Lọ́jọ́ tí sọ́fíwíà ìṣirò owó bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, image ẹ ti gbó. Lọ́jọ́ tí pírítà bá yí padà, ó ti gbó. Microsoft fúnra ẹ̀ ń gbé update jáde ní gbogbo Tuesday kejì oṣù. Kí lo fẹ́ máa ṣe, kó o máa tún odindi image kọ́ lóṣooṣù? Èmi ti ní image tó wọn ju 60 GB lọ rí, mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́, ẹni tó kọ́ ọ ti lọ síbi iṣẹ́ míì, a wá ń bẹ̀rù láti yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Jẹ́ kí image fúyẹ́. Dráífà, to fódà kan fún oríṣi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí sáfà, kí ètò tó ń gbé Windows sí i bi ẹ̀rọ pé irú ẹ wo ni ẹ́, kó mú tiẹ̀ fún un. Sọ́fíwíà, jẹ́ kó tẹ̀lé e lẹ́yìn tí Windows bá ti jókòó tán, àwọn ètò Microsoft tó ń darí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, Configuration Manager lè ṣe é, Intune lè ṣe é, kódà script tó ń pe winget, ètò Windows tó ń gbé sọ́fíwíà sórí ẹ̀rọ, lè ṣe é fún 143. Tí sọ́fíwíà kan bá wá yí padà, òun nìkan lo máa fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo MDT, ètò Microsoft tó ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ, ẹ fọkàn sí i pé Microsoft ò ṣe é fún Windows 11. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ọ̀pọ̀ ló ń lò ó, àmọ́ tó bá bàjẹ́ kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa ké sí. WDS náà, tó ń gbé Windows gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọn ò gbà kẹ́ ẹ fi fáìlì boot.wim tó wà nínú Windows 11 gbé e sórí ẹ̀rọ mọ́. Ẹni tí ò lówó Configuration Manager, FOG dáa, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè tan ẹ̀rọ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ má fi fláàṣì rìn káàkiri.

Ọmọ_PXE:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ran bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé PXE kalẹ̀, ìyẹn títan ẹ̀rọ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibi mẹ́ta yìí ló máa há sí.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi option 66 àti 67, tó ń dárúkọ sáfà àti fáìlì tí ẹ̀rọ máa fi tan, sínú DHCP, tó ń pín àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo ìwé àtijọ́ ló ní kẹ́ ẹ ṣe é, àmọ́ fáìlì 1 péré ni 67 lè dárúkọ, ẹ̀rọ tó ń lo BIOS àtijọ́ àti èyí tó ń lo UEFI tó rọ́pò ẹ̀ kì í sì í jẹ fáìlì kan náà. Ẹ fi ip helper sórí router, kí ìbéèrè ẹ̀rọ máa dé ọ̀dọ̀ DHCP àti sáfà PXE lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà á dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lóhùn bó ṣe yẹ ẹ́.

Èkejì ló gbà mí lọ́jọ́ méjì. Ẹ̀rọ á tan, á ní òun ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á dúró díẹ̀, á ní PXE-E16, pé kò rẹ́ni dá òun lóhùn. Mo yí kébù padà, mo yí port padà, mo fura sí sáfà. Mo wá jókòó ti switch, mo ń wo iná port yẹn. Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ, iná yẹn pọ́n rúsúrúsú, ó wà bẹ́ẹ̀, kò yí padà, ojú ẹ̀rọ ti gbé E16 jáde kí iná yẹn tó di àwọ̀ ewé. Spanning tree ni, ètò tí switch fi ń rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò yípo bọ̀ sórí ara ẹ̀. Switch máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá 15 gbọ́, á fi 15 míì kẹ́kọ̀ọ́, kó tó gbà kí nǹkan kọjá, 30 nìyẹn, PXE ò sì ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tan portfast, tó ń fo ìdúró yẹn, lórí gbogbo port tí kọ̀ǹpútà wà, àwọn port yẹn nìkan o, kì í ṣe èyí tó so switch mọ́ switch. Bí mo ṣe tan án báyìí, ẹ̀rọ wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi multicast ju image sí ẹ̀rọ 30 lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí i pé IGMP snooping, tó ń darí ẹ̀ sí port tó nílò ẹ̀ nìkan, wà lórí switch, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo port ló máa kún, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò ní rí nǹkan ṣe. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Olùṣọ́Nẹ́tì:
Bọ̀ọ̀dá Túnẹ̀rọṢe, 30 yẹn nílò image, ó dáa. Àwọn 113 tó kù ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kan wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí Windows 10 ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó gòkè lọ sí 11 lórí ara ẹ̀, fáìlì èèyàn wà níbẹ̀, sọ́fíwíà wà níbẹ̀, ìwọ̀nba ni ẹkún tẹ́ ẹ máa gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ wọn wò ná. Windows 11 fẹ́ TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ, ó fẹ́ UEFI àti Secure Boot, tí kì í jẹ́ kí ètò àìmọ̀ tan ẹ̀rọ, RAM 4 GB, àyè 64 GB, ẹ̀rọ Intel kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè kó tó gbà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ní òun ò ní TPM, ó ní in, wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni, Intel ń pè é ní PTT, AMD ń pè é ní fTPM. Èyí tó wà lórí BIOS àtijọ́, mbr2gpt á yí dísìkì ẹ̀ padà láì pa fáìlì kankan rẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi /validate wò ó.

Lẹ́yìn náà ẹ fi setup.exe /auto upgrade /quiet /eula accept /compat scanonly ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Kò ní yí nǹkan kan padà, á kàn yẹ ẹ̀rọ wò, á sì fún yín ní èsì. 0xC1900210 túmọ̀ sí pé kò sóhun tó dí i. 0xC1900208, sọ́fíwíà tàbí dráífà kan wà tí kò bá a mu. 0xC1900200, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ò kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹ kó èsì jọ sínú táblì kan, ìgbà yẹn lẹ máa mọ iye tẹ́ ẹ ń bá jà gan-an.

Wáyà_gígùn:
Kí n fi BitLocker, tó ń ti dísìkì pa, kún un, ẹ̀yin èèyàn mi, torí èyí lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, kẹ́ ẹ tó tan TPM tàbí yí Secure Boot padà, ẹ dá BitLocker dúró fúngbà díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ẹ̀rọ bá tan, nọ́ńbà 48 ló máa béèrè lọ́wọ́ yín, tẹ́ ò bá ní i, fáìlì ẹni yẹn ti lọ nìyẹn, kò sí àlàyé míì. Ẹ wo gbogbo ẹ̀rọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá kọ́kọ́rọ́ yẹn ti wà nínú Active Directory tàbí Entra, ibi tí iléeṣẹ́ ń kó àkáǹtì àti ẹ̀rọ wọn sí, kẹ́ ẹ má kàn gbà pé ó wà níbẹ̀. Ẹ sì tẹ̀ ẹ́ síbòmíì tí kò sí lórí àwọn sáfà yẹn. Ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí fáìlì kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike dá Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri ayé. Fáìlì 1 péré ni èèyàn fẹ́ pa rẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó ní BitLocker ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ débẹ̀ láìsí nọ́ńbà yẹn.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ 143 lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rọ yín méjèèjì ni kó kọ́kọ́ lọ, ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ mú 10, ẹnì kan láti ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó máa ń pè yín tó bá rí nǹkan kì í ṣe ẹni tó máa dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn ìdajì, lẹ́yìn ìyẹn àwọn tó kù. Àwọn tó wà nídìí owó ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìkẹyìn, kó má sì bọ́ sí ìparí oṣù.

ÀǹtíSáfà:
Mo gbàgbé nǹkan kan. Pásíwọ́ọ̀dù administrator tó wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nínú 30 tó o dà yẹn, ọ̀kan náà ni, àbí? Ẹni tó bá rí ti ọ̀kan ti rí ti gbogbo wọn. Windows LAPS ti wà nínú Windows fúnra ẹ̀ láti update oṣù kẹrin ọdún 2023, kò sóhun tó o fẹ́ rà. Tan án, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á ní pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀, á máa yí i padà fúnra ẹ̀, ìwọ á sì máa rí i nínú Active Directory nígbà tó o bá fẹ́ lò ó.

Àwọn láptọ́ọ̀pù tí kì í sábà wá sí ọ́fíìsì, Autopilot ló máa gbà ẹ́ nídìí tiwọn, o ò tiẹ̀ nílò image, ẹni yẹn á so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nílé ẹ̀, á wọlé pẹ̀lú àkáǹtì iṣẹ́, ètò á sọ̀ kalẹ̀ fún un. Àmọ́ ìyẹn fẹ́ Intune, jẹ́ kí ti 30 yìí tán ná.

Túnẹ̀rọṢe:
Ẹ kú àdúrótì mi o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n wá ròyìn fún yín. Mo kọ́ image tuntun nínú Hyper-V bí ẹ̀gbọ́n Wáyà_gígùn ṣe sọ, audit mode, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Sysprep gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Portfast náà lọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wa, iná pọ́n rúsúrúsú bí Ọmọ_PXE ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ gẹ́lẹ́. Alẹ́ méjì la fi tún 30 yẹn ṣe, èmi àti àbúrò yẹn, ní àárọ̀ kejì mo ṣí WSUS, orúkọ 30 tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. KMS ka 25, ó kọjá, activation lọ. 6167 ò yọjú mọ́.

Nínú 113, scanonly ní 81 ti ṣetán, 13 ní sọ́fíwíà tàbí dráífà tó ń dí i, 19 ò kún ojú òṣùwọ̀n. Nínú 19 yẹn, 7 ló jẹ́ pé wọ́n pa TPM nínú BIOS ni, a ti tan án. Kọ́kọ́rọ́ BitLocker tí kò sí nínú Active Directory jẹ́ 11, ara mi bù mọ́ mi nígbà tí mo rí i, a ti kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Àwọn 10 àkọ́kọ́ ti wà lórí Windows 11 láti ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan ṣoṣo ló pè mí, nítorí pírítà.

Ó ku 12 tó ti gbó jù. Ọ̀gá ń sọ pé ká ra ESU, ìyẹn update ààbò tí wọ́n ń tà fún Windows 10, fún wọn, mo ṣàlàyé fún un pé ọdún mẹ́ta péré ni, owó ẹ̀ sì ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, kò tíì dáhùn. Ó sì ku 1 nínú àwọn 13, ẹ̀rọ ìṣirò owó tó ń lo dongle USB àtijọ́ kan, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí sọ́fíwíà fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ṣe é ò ní dráífà fún Windows 11. Ṣé ẹnì kan ti bá irú ẹ̀ pàdé rí?

Ọmọ_PXE:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ yà á kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ná, ẹ fi í sínú VLAN tiẹ̀, ìyẹn abala nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró, kó máa bá sáfà owó nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ fi orúkọ dongle yẹn ránṣẹ́ síbí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n kàn ń tà lórúkọ míì.